Verlyn Skogmo àti Sípíríǹgì Ilẹ̀kùn Ilé Mọ́tò Rẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni èmi àti Verlyn Skogmo fi jọ pààlà ilé ní Rosten, n kò sì gbọ́ kó yin ènìyàn kan ṣoṣo rí. Àwọn ará Minnesota, l'Amẹ́ríkà níbí, kì í yin nǹkan ní àyínjù tẹ́lẹ̀. Bí oúnjẹ rẹ bá dùn mọ́ wọn títí wọ́n fi ń lá àwo, "Kò burú" ni wọ́n máa sọ. Verlyn ní tirẹ̀ kò ní sọ ìyẹn pàápàá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìrẹsì lọ kí wọn, ìyàwó rẹ̀, Arlys, ń dúpẹ́, òun ń fi fọ́ọ̀kì tú u wò bí ẹni tó ń wá òkúta. Ó ní, "Rọ́nì, ṣé nítorí ata yìí ni wọ́n ṣe lé ọ nílùú yín?" Adérónkẹ́ lorúkọ mi. Ó ní ẹnu òun kò gba gbogbo ìyẹn, ló bá gé e kù sí orúkọ ọkùnrin, orúkọ náà ló sì mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu títí dòní.

Iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé mọ́tò ló ṣe fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Lágbègbè tiwa, kò sí ẹni tó ń gba iwájú wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníwàásù tàbí ọlọ́pàá nìkan ló ń kàn án. Ilé mọ́tò ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Ibẹ̀ la ti ń bọ́ bàtà yìnyín, ibẹ̀ lọkùnrin ti ń jókòó mu bíà lásìkò ooru. Nílé Skogmo, dùùrù Arlys ló dí ẹnu ọ̀nà iwájú pa láti ọdún tí wọ́n ti ra ilé náà.

Òkè ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí máa ń ṣí sí, sípíríǹgì ni gbogbo agbára wọn. Méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọ́n wà lórí ọ̀pá gbọọrọ kan lókè ẹnu ọ̀nà, àwọn ló ń bá ọ gbé ilẹ̀kùn tí ọkùnrin méjì kò lè dá gbé. Ṣe ni wọ́n máa ń lọ́ wọn títí wọ́n á fi le koránkorán. Bí ọwọ́ bá yọ níbi tí o ti ń lọ́ ọ, irin tó wà lọ́wọ́ rẹ á yí padà sí ọ, ó lè fọ́ èèyàn ní párì. Ọ̀pá irin méjì tó bá ihò ìdí sípíríǹgì mu géérégé nìkan ni Verlyn gbà kí wọ́n fi ṣe é. Gordy, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi súkúdíráfà ṣe é lọ́jọ́ kan nítorí pé ó ń kánjú. Ìka méjì ló bá a lọ. Verlyn mú súkúdíráfà náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn, ó kọ "Ìka Gordy" sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ọmọ iṣẹ́ tuntun ló sì gbọ́dọ̀ kà á sókè. Ọjọ́ tí Gordy fẹ̀yìn tì, a wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, à ń mu kọfí, à ń jẹ kéèkì, Verlyn gbé ẹ̀bùn tí wọ́n fi ìwé aláràbarà wé fún un. Gordy tú u lójú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Súkúdíráfà náà ni.

Mo bi Verlyn lọ́jọ́ kejì bóyá ojú kò tì í. Ó ní, "Ṣé ẹlòmíràn tún gé ìka lẹ́yìn ẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó tán." Ohun tó máa ń bí mi nínú jù nípa ọkùnrin yìí nìyẹn: ó máa ń jàre.

Arlys kú ní oṣù kìíní, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Renae, tó ń gbé ní Fargo pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Darrin. Lẹ́yìn ìsìnkú, odidi ọdún kan ni Renae kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. N kò mọ ìdí, kò sì sí ẹni tó máa ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níbí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí pè é lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìpè ìṣẹ́jú méjì.

Lóṣù kẹwàá tó kọjá, Verlyn ṣubú ní balùwẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èmi ni mo rí i. Ó lajú, ó ní, "Rọ́nì, o pẹ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́síbítù, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò dáadáa. Níbẹ̀ ló ti fọwọ́ sí ìwé tó gbé gbogbo ọ̀ràn rẹ̀ lé Renae lọ́wọ́. Ó sọ fún mi pé ìwé ọsíbítù lásán ni. Láti ìgbà tó ti padà sílé ni Renae ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ju ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lọ.

Ilé ìtọ́jú tó ń sọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń wọṣọ fún wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ. Verlyn mọ̀. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí òun tó fojú kan inú ilé yẹn láàyè, òun á yáa sùn síta nínú yìnyín. Kì í ṣàwàdà. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láyé ni pé kó máa gbé ilé rẹ̀ títí yóò fi kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan lóṣù kìíní, mo dé ibi iṣẹ́, mo wo pátákó tí wọ́n máa ń kọ àwọn tó ń bọ̀ sí. Mo rí i: "Skogmo, V., yàrá kẹrìnlá, Mọ́ńdè tó ń bọ̀." Òfin wa níbẹ̀ ni pé ohun tí o rí lórí pátákó, o kò rí i. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Mo tún fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé wọ́n ti pa orúkọ rẹ́ níbẹ̀ rí. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Fennern, àwọn ọmọ rẹ̀ yí ọkàn padà nígbà tó ku ọ̀la kó dé. Ẹ bá mi wí bí ẹ bá fẹ́. Mo ní ilé tí mò ń san owó rẹ̀.

Renae àti Darrin dé lọ́jọ́ Túsìdeè. Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, mo gbọ́ ìró kan láti ilé wọn bí ẹni yìnbọn. Mo sá gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo bá Verlyn nínú ilé mọ́tò, ó ń wòkè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sípíríǹgì kan ti já sí méjì.

Ó ní, "Òtútù ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló lò. Ó gbìyànjú ju Darrin lọ."

Darrin wà níbẹ̀, kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ náà o, Verlyn." Orúkọ ni wọ́n máa ń pe àna wọn níbí, ojú mi ti mọ́ ọn.

Renae kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé fóònù létí, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Ibi mẹ́ta ló pè. Gbogbo wọn ló ní òtútù náà ti já sípíríǹgì káàkiri ìgbèríko, kò sí ẹni tó lè dé kí ó tó di Túsìdeè tó ń bọ̀. "Fráídè ni mo fẹ́," ó ń sọ ọ́ léraléra, "kò gbọdọ̀ kọjá Fráídè." Mo rò pé nítorí mọ́tò bàbá rẹ̀ tó há sínú ilé ni.

Verlyn ní, "Ta lò ń pè? Èmi dà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Dádì, ẹ ò lè de okùn bàtà yín."

"Iṣẹ́ yìí ò kan okùn bàtà. Wo ògiri yẹn." Sípíríǹgì tuntun méjì wà níbẹ̀, ó ti fi ìwé olóròóró wé wọn láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. "Mo ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ, mi ò sì fara pa rí."

"Ìgbà yẹn nìyẹn."

Bàbá náà wò ó. Mo mọ̀ pé ó ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́ tipẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́. Màá pààrọ̀ méjèèjì lónìí, fúnra mi. Bí mo bá fara pa, tàbí tí mi ò bá parí ẹ̀, gbé mi lọ síbi tó wù ọ́, mi ò ní janpata. Ṣùgbọ́n tí mo bá parí ẹ̀, mi ò tún gbọdọ̀ gbọ́ ilé arúgbó lẹ́nu ẹ mọ́ láé. Ilé mi ni màá kú sí."

Renae fi fóònù sápò. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀kan gírí. Níbí, ìyẹn ju ìwé lọ. Inú mi dùn débi pé ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Mo ní lọ́kàn mi pé yàrá kẹrìnlá ti ṣófo nìyẹn.

Mo wá rí iṣẹ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Kò kánjú rárá. Ó kọ́kọ́ fa wáyà iná ẹ̀rọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn yọ. Ó ní kí Darrin fi píláyà tó ń ti ara rẹ̀ pa fún irin tí ilẹ̀kùn ń gùn, lápá méjèèjì, kí ilẹ̀kùn má baà fò sókè tó bá yá.

Ó ní, "Fún un dáadáa, Darrin. Kì í ṣe ọmú màlúù lo ń fún."

Darrin ní, "Mo ti fún un, Verlyn."

"Ẹni tó fún tibí yìí, onígbèéraga ni, ó rò pé òun lágbára."

Ó gun àkàbà, ìgbésẹ̀ méjì péré. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kọjú sí irin. Sípíríǹgì kan ló já, èkejì ṣì le pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, òun ló sì léwu jù. Ó ti ọ̀pá kan bọ ihò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́wọ́, ó tú bóòtù tó dì í mú, ó jẹ́ kí ó yí wálẹ̀ díẹ̀, ó ti ọ̀pá kejì bọ̀ ọ́ kí ó tó yọ tàkọ́kọ́. Báyìí ló ṣe ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo agbára fi jáde kúrò lára rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí ihò méjèèjì ṣófo. Ó ń sọ ọ́ fún wa bó ṣe ń ṣe é: "Ọ̀pá kan gbọdọ̀ wà nínú ẹ̀ nígbà gbogbo. Gbogbo ìgbà. Tí aṣọ ẹ bá ń jóná, kọ́kọ́ ti ọ̀pá kejì bọ̀ ọ́ ná."

Ó yọ àwọn ògbólógbòó, ó wọn wọ́n mọ́ tuntun, bí irin ṣe nípọn sí àti bó ṣe gùn sí. Ó fi tọ̀tún sí ọ̀tún, tòsì sí òsì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ lára wọn kí ó lè máa rí iye ìgbà tó bá yí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọn. Ọgbọ̀n ìdá-mẹ́rin ìyípo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Ó ń ka iye rẹ̀ sókè. Tàkọ́kọ́ parí láìsí wàhálà.

Ìkejì ló dà á láàmú. Nígbà tó ka méjìlélógún, apá òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, gbígbọ̀n náà sì dé orí ọ̀pá. Òógùn bọ́ sí i lójú nínú òtútù tó lè pa ẹran. Darrin na ọwọ́.

"Má fọwọ́ kàn án!" Verlyn jágbe mọ́ ọn.

Renae ló wá sọ̀rọ̀ látìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Dádì, ẹ fún bóòtù yẹn pa, kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ ti máa ń sọ ọ́ pé ẹni tí kò lè sinmi kò mọ iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ lè ṣe é."

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fún bóòtù pa, ó yọ ọ̀pá, ó sọ̀kalẹ̀. Renae bu kọfí fún un, ó gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Mo ní ìfẹ́ nìyẹn. Kí ni ẹlòmíràn ìbá pè é? Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Verlyn padà gun àkàbà, ó sì ka á dé ọgbọ̀n.

Ó yọ píláyà, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ilẹ̀kùn náà. Ìka kan. Ó gòkè dé ìbàdí rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì dúró sójú kan, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ pé nìyẹn. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́.

Renae ní, "Ẹ dúró, Dádì. Ẹ tún ṣe é, kí n yà á ní fídíò."

Bàbá náà fi ọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Ó ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó ń ṣàlàyé fún fóònù náà: "Sípíríǹgì tuntun méjì. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Renae tẹ nǹkan lórí fóònù. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ó kà á, ó sì mí kanlẹ̀.

Verlyn ní, "Ta lo fi ránṣẹ́ sí? Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n á wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Fráídè."

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Tilé yìí. Mo ti tà á, Dádì. Wọ́n wá wò ó nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́síbítù. Láàárọ̀ Fráídè ni wọ́n fẹ́ wá yẹ gbogbo ẹ̀ wò, tí nǹkan kan bá ti bàjẹ́, wọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ máa sùn lọ́dọ̀ wa títí di Mọ́ńdè tẹ́ ẹ máa lọ sílé ìtọ́jú. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí fún mi láyè."

N kò rí irú ojú yẹn rí, mo sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kú lọ. Ó ní, "A bọ ọwọ́."

"A bọ ọwọ́." Renae kò pariwo. "Lóṣù kọkànlá tó ṣáájú ikú Màmá, ó sọ fún yín pé inú ń run òun. Ẹ ní tí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín bá parí, ẹ ó gbé e wá bá mi ní Fargo, kó rí dókítà. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lórí tábìlì oúnjẹ, mo jókòó síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi dẹ́gbó. Àgbọ̀nrín méjì lẹ pa, igi àjà òkè yìí lẹ so wọ́n kọ́. Dókítà ní ká ní a ti gbé e wá ṣáájú ni, ì bá yè."

"Kò sọ pé ó le tó bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Ẹni tó bá ní nǹkan ń dun òun nínú ilé yìí, ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Bàbá náà yí padà, ó mú ọ̀pá irin méjèèjì. "Màá tú u," ó wí. "Màá tú méjèèjì. Wọ́n á bá a nílẹ̀."

Darrin fẹ́ dí i lọ́nà. Renae ní, "Jẹ́ kó gùn ún."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà. Gbogbo agbára tó ní láyé ló ti lọ́ sínú sípíríǹgì wọ̀nyẹn. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òsì kọ́kọ́ já bọ́, ó dún gbàǹgà lórí sìmẹ́ńtì, èkejì tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú wọn, kò dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a mú un. Èmi náà kò bá a mú un. Renae dúró títí ó fi fìdí lé àkàbà, lẹ́yìn náà ló ṣa àwọn ọ̀pá náà, ó fi aṣọ wé wọn, ó kó wọn fún Darrin. "Gbé wọn sínú mọ́tò wa," ó wí, "kó má lọ ṣe ara ẹ̀ léṣe." Àwọn méjèèjì gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà jáde sínú yìnyín.

Ó ku èmi àti òun. Ó ní, "Rọ́nì, o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀ nípa yàrá, Bàbá. Mi ò mọ̀ nípa ilé."

Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ra ọwọ́ òsì. Nígbà tó yá, ó béèrè bí oníṣẹ́ tó ń bi oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: "Irú ilẹ̀kùn wo ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀?"

Irọ́ ni ìdajì iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ẹnì kan pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. N kò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà tí n kò fi purọ́ fún un.

"Onígíláàsì ni, Bàbá. Fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣí tí èèyàn bá ti tẹ nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n a kì í sọ nọ́ńbà náà fún àwọn tó ń gbé inú ẹ̀."